Etí tó ń hó láìsí ariwo: Ọ̀jọ̀gbọ́n Jastreboff àti ẹ̀kọ́ tó kọ́ lára eku

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Òwe yìí bá àwọn tí etí wọn máa ń hó mu gan-an ni. Ara wọn kò gbóná, ojú wọn kò pọ́n, kò sì sí egbò kankan tí wọ́n lè fi han ènìyàn. Síbẹ̀, bí ilẹ̀ bá ti ṣú tí ilé pa rọ́rọ́, ariwo á bẹ̀rẹ̀ nínú etí wọn. Ti ẹlòmíràn a máa kùn bíi kòkòrò, ti ẹlòmíràn a máa súfèé, ti àwọn mìíràn a sì máa hó bí omi tó wà lórí iná. Bí wọ́n bá bi ẹni tó sùn tì wọ́n léèrè bóyá ó gbọ́ nǹkan, yóò ní òun kò gbọ́ nǹkan kan. Ibẹ̀ ni ìdààmú ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ń ṣe á máa rò pé bóyá orí òun ti fẹ́ dàrú, àwọn ará ilé á ní ọjọ́ ogbó ló dé, àwọn kan á tilẹ̀ máa wá ọ̀tá tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà.

Tinnitus ni àwọn dókítà ń pè é. Etí híhó ni a ó máa pè é ní tiwa. Kì í ṣe ẹni kan tàbí ẹni méjì ló sì kàn. Ìwádìí ńlá kan tó jáde lọ́dún 2022, èyí tó kó iṣẹ́ àwọn onímọ̀ láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè pọ̀, fi hàn pé bí a bá kó ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó ti dàgbà jọ, bíi mẹ́rìnlá nínú wọn ló ń gbọ́ ariwo yìí. Ní gbogbo ayé, iye wọn lé ní 740 mílíọ̀nù, ó sì le gan-an fún bíi 120 mílíọ̀nù nínú wọn.

Nílé wa níbí náà, ọ̀rọ̀ kò yàtọ̀. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, lára wọn Ọ̀jọ̀gbọ́n Akeem Lasisi àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje, ṣe ìwádìí láàárín àwọn àgbà tó ti tó ọdún 65 sókè ní àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá. Èsì tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2010 ni pé nínú ọgọ́rùn-ún àgbà, bíi mẹ́rìnlá ni etí wọn ń hó. Bí ẹ bá wà níbi ìpàdé ẹgbẹ́ àgbà tí ènìyàn ogójì péjọ sí, ẹ lè ka márùn-ún tàbí mẹ́fà tí nǹkan yìí ń ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Ohun tó ń bani nínú jẹ́ ni pé fún ọjọ́ pípẹ́, ìdáhùn kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbà lẹ́nu dókítà: kò sí ohun tí a lè ṣe sí i, ẹ lọ máa fara dà á. Ọkùnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ lónìí kò gbà pé ìdáhùn yẹn tó. Orúkọ rẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Pawel Jastreboff.

Ibo ni ariwo náà ti ń wá?

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí ènìyàn ṣe ń gbọ́ràn. Bí ìró bá wọ etí láti ìta, yóò kan awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó dà bí awọ ìlù. Awọ náà á gbọ̀n, eegun kéékèèké mẹ́ta á gba gbígbọ̀n náà, wọn á sì gbé e wọ inú lọ́hùn-ún, níbi tí omi wà nínú ohun kan tó wé bí ìkarahun ìgbín. Inú ibẹ̀ ni àwọn ohun tíntìntín tó ní irun lórí wà, bíi 15,000 nínú etí kọ̀ọ̀kan. Àwọn wọ̀nyí ló ń sọ gbígbọ̀n náà di iṣẹ́ tí iṣan máa ń jẹ́ fún ọpọlọ. Ọpọlọ gan-an ló ń gbọ́, ìránṣẹ́ ni etí jẹ́. Ariwo tó pọ̀ jù, ọjọ́ orí, àìsàn àti àwọn oògùn kan lè pa àwọn oní-irun yìí. Èyí tó bá sì ti kú nínú wọn lára ènìyàn kì í hù mọ́.

Nítorí èyí, àwọn oníṣègùn rò pé etí tó bàjẹ́ ló ń pariwo. Àwọn oníṣẹ́ abẹ kan tilẹ̀ gé iṣan tó so etí mọ́ ọpọlọ, wọ́n ní bí a bá gé ọ̀nà, ariwo kò ní rí ibi gbà kọjá. Àwọn tí wọ́n gé e fún kò fi etí náà gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì ń gbọ́ ariwo náà. Wọ́n gé okùn, agogo kò dákẹ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé kì í ṣe inú etí nìkan ni ọ̀rọ̀ náà wà.

Ọgbọ́n tí wọ́n fi bi eku léèrè ọ̀rọ̀

Ọmọ ilẹ̀ Poland ni Jastreboff. Kì í ṣe dókítà tó ń kọ oògùn fún aláìsàn, onímọ̀ nípa ọpọlọ ni. Ìlú Warsaw ló ti gboyè ọ̀mọ̀wé, ní ilé ìwádìí Nencki, níbi tí ọ̀gbẹ́ni Jerzy Konorski ti gba orúkọ nípa ìwádìí lórí bí ẹranko ṣe ń kọ́ nǹkan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ti wá. Àwọn dókítà ń wo etí, òun ń wo bí ọpọlọ ṣe ń kọ́ láti bẹ̀rù nǹkan, àti bí ó ṣe lè kọ́ láti má bẹ̀rù rẹ̀ mọ́.

Ní àárín àwọn ọdún 1980, ó ti wà ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà, níbi tí òun àti Clarence Sasaki, dókítà tó ń tọ́jú etí, imú àti ọ̀fun, ti jọ ń ṣiṣẹ́. Ìṣòro tó kọ́kọ́ dojú kọ wọ́n ni pé kò sí ẹ̀rọ tó lè gbọ́ etí híhó láti ìta. Ẹni tó ń ṣe nìkan ló lè sọ ọ́. A kò sì lè la orí ènìyàn láti wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Àwọn àgbà ní bí a kò bá rí àdàn, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ, eku ni wọ́n bá mú. Ṣùgbọ́n báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé etí eku ń hó, nígbà tí eku kò lè fọhùn?

Oògùn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ti mọ̀ pé ẹni tó bá lo aspirin púpọ̀ jù, etí rẹ̀ lè máa hó. Bẹ́ẹ̀ náà ni kuiníìnì. Àwọn àgbà wa tó ti lo kuiníìnì fún ibà rí kò nílò àlàyé lórí èyí: etí a máa hó títí oògùn yóò fi kúrò lára. Nítorí náà, irú èròjà tó wà nínú aspirin ni wọ́n fún àwọn eku náà.

Wọ́n kó àwọn eku sínú àgò tí ìró jẹ́jẹ́ kan ti ń dún tọ̀sán-tòru. Wọ́n jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ wọ́n, kí wọ́n lè máa lá omi dáadáa. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, wọn á pa ìró náà, gbogbo ibẹ̀ á dákẹ́, iná mànàmáná díẹ̀ á sì ta àwọn eku lẹ́sẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ ni àmì ewu. Bí ibẹ̀ bá ti dákẹ́, wọn á fi omi sílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n yọ iná náà kúrò, wọ́n sì fún àwọn kan nínú wọn ní oògùn. Nígbà tí wọ́n pa ìró, àwọn eku tí kò gba oògùn dá omi lílá dúró pẹ̀lú ẹ̀rù. Àwọn tó gba oògùn kò fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù, wọ́n ń lá omi wọn lọ. Kí ló fà á? Kò sí ìdákẹ́jẹ́ létí tiwọn. Ariwo ń dún nínú etí wọn, wọ́n rò pé ìró ìta kò tíì dá. Báyìí ni eku ṣe fi ẹ̀rí hàn fún ayé pé etí òun ń hó.

Wọ́n wá yí ọ̀rọ̀ náà padà. Wọ́n fún àwọn eku mìíràn ní oògùn kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, tó fi jẹ́ pé nígbà tí iná ń ta wọ́n, ariwo inú etí wọn gan-an ni wọ́n ń gbọ́. Àwọn wọ̀nyí bẹ̀rù ju àwọn tí kò lo oògùn rárá lọ, ẹ̀rù náà sì pẹ́ lára wọn. Ọdún 1988 ni wọ́n gbé àbájáde ìwádìí yìí síta.

Ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀ dáadáa. Oògùn kan náà ni, ariwo kan náà ni. Fún àwọn eku kan, ariwo náà dà bí ìfọ̀kànbalẹ̀. Fún àwọn kejì, ó di àmì ìyà. Kì í ṣe ariwo ló yàtọ̀, ohun tí ọpọlọ so mọ́ ọn ló yàtọ̀.

Ẹ̀rù ló ń bọ́ ariwo

Lọ́dún 1990, Jastreboff kọ àlàyé kan tó sọ ọ́ di olókìkí láàárín àwọn onímọ̀ nípa etí. Ó ní etí híhó lè bẹ̀rẹ̀ láti inú etí, ṣùgbọ́n ìyà tó ń fi jẹ ènìyàn kì í ti inú etí wá. Ọpọlọ ní ibi tí ẹ̀rù, ìbínú àti ìbànújẹ́ ti ń ru sókè, ó sì ní ọ̀nà tó fi ń mú kí àyà máa lù kìkì, kí ara máa gbọ̀n, kí oorun sì dá lójú. Bí ọpọlọ bá ti ka ariwo náà sí ewu, àwọn ibi méjèèjì yìí á jí. Bí wọ́n bá ti jí, ènìyàn á túbọ̀ máa tẹ́tí sí ariwo náà. Bí ó bá ṣe ń tẹ́tí sí i, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa gbọ́ ọ sí i, tí ẹ̀rù á sì máa pọ̀ sí i. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń yí po nìyẹn.

Ẹ̀rí pé ariwo nìkan kọ́ ni ìṣòro ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Lọ́dún 1953, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Heller àti Bergman, kó ọgọ́rin ènìyàn tí etí wọn dá ṣáṣá sínú yàrá tí ìró kankan kò lè wọ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún ló ní àwọn gbọ́ ìró kan nínú etí tàbí orí àwọn. Kò sí èyí tó ń yọ wọ́n lẹ́nu tẹ́lẹ̀, nítorí pé ọpọlọ wọn kò kà á sí.

Ọpọlọ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tó kọ́lé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìlọta kì í gbọ́ ẹ̀rọ náà mọ́ lẹ́yìn oṣù díẹ̀, àlejò tó sùn síbẹ̀ lóru kan ni yóò máa ráhùn. Òjò lè máa rọ̀ sórí páànù kí ìyá ọlọ́mọ máa hanrun, ṣùgbọ́n bí ọmọ rẹ̀ bá ké díẹ̀, á ta jí. Ohun tí ọpọlọ gbà pé ó ṣe pàtàkì ló ń jẹ́ kí a gbọ́. Ìbéèrè Jastreboff ni pé: ǹjẹ́ a lè kọ́ ọpọlọ kí ó ka etí híhó sí bí ariwo ilé ìlọta?

Ọdún 1990 yìí kan náà ló lọ sí Yunifásítì Maryland ní ìlú Baltimore, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú àwọn tí etí wọn ń hó. Lọ́dún 1999, ó kọjá sí Yunifásítì Emory ní ìlú Atlanta. Òun àti Jonathan Hazell, dókítà etí ní Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n jọ sọ àlàyé náà di ìtọ́jú tí wọ́n pè ní Tinnitus Retraining Therapy, tí ìkékúrú rẹ̀ ń jẹ́ TRT. Wọ́n kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1993, wọ́n sì ṣe ìwé ńlá lé e lórí lọ́dún 2004.

Apá méjì ni ìtọ́jú náà ní. Èkíní ni ọ̀rọ̀ sísọ: wọn á jókòó ti aláìsàn, wọn á ṣàlàyé bí etí àti ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́, títí yóò fi yé e pé ariwo náà kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe ikú. Èkejì ni ìró: wọn kì í jẹ́ kí ó wà nínú ìdákẹ́jẹ́. Ẹ wo fìtílà kan nínú yàrá tó ṣókùnkùn, ojú kò lè kúrò lára rẹ̀. Ẹ ṣí fèrèsé lọ́sàn-án, fìtílà náà ṣì ń jó, ṣùgbọ́n kò hàn mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìró jẹ́jẹ́ ń ṣe sí etí híhó.

Ṣáájú èyí, Jack Vernon ní ìlú Portland ti ń lo ìró láti fi bo ariwo etí mọ́lẹ̀ pátápátá ní àwọn ọdún 1970. Jastreboff ní kí á má bò ó. Ó ní ọpọlọ kò lè kọ́ láti gbójú fo ohun tí kò gbọ́ rárá, kí ìró náà rọlẹ̀ díẹ̀ ju ariwo etí lọ, kí méjèèjì jọ máa dún. Iṣẹ́ sùúrù ni, ó máa ń gbà tó ọdún kan sí méjì. Òun àti Margaret, ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣe ìwádìí, tún tọ́jú àwọn tí ìró lásán máa ń ni lára. Àwọn méjèèjì ló fún ìṣòro kan lórúkọ lọ́dún 2001, ìyẹn misophonia, èyí tó ń mú kí ìró bí ẹlòmíràn ṣe ń jẹun máa bí ènìyàn nínú gidigidi.

Ìdánwò tó dé lẹ́yìn

Jastreboff àti Hazell sọ pé bíi mẹ́jọ nínú mẹ́wàá àwọn tí wọ́n tọ́jú ló rí ìrọ̀rùn. Àmọ́ ẹni tó se ọbẹ̀ kọ́ ló yẹ kó dá ọbẹ̀ náà tọ́ wò. Lọ́dún 2019, àwọn onímọ̀ mìíràn gbé èsì ìdánwò kan jáde, èyí tí wọ́n ṣe ní àwọn ilé ìwòsàn ológun ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú ènìyàn 151. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn kan gba TRT pẹ̀lú ẹ̀rọ ìró gidi, àwọn kan gba ọ̀rọ̀ TRT pẹ̀lú ẹ̀rọ tí kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, àwọn yòókù sì gba ìtọ́jú tí ilé ìwòsàn ológun ń fúnni tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn oṣù méjìdínlógún, bíi ìdajì nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ni ara wọn yá dáadáa. TRT kò ta ìtọ́jú tó wà tẹ́lẹ̀ yọ.

Ṣé iṣẹ́ ọkùnrin náà wá já sí asán ni? Rárá o. Ìtọ́jú tí àwọn ọ̀wọ́ kẹta gbà kì í ṣe pé kí wọ́n lọ máa fara dà á. Àwọn náà rí ẹni tó jókòó tì wọ́n, tó gbọ́ tẹnu wọn, tó ṣàlàyé, tó sì gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n máa jẹ́ kí ìró wà láyìíká wọn. Ohun tó ṣubú níbẹ̀ ni pé ẹ̀rọ olówó ńlá ni ènìyàn gbọ́dọ̀ ní. Àlàyé pé ìhà tí ọpọlọ kọ sí ariwo ni a lè tún ṣe kò ṣubú. Ìtọ́jú tí ẹ̀rí rẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù lọ lónìí náà jẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ, èyí tí wọ́n fi ń kọ́ ènìyàn láti tún èrò rẹ̀ nípa ariwo náà rò.

Ohun tí ó kàn wá

Oògùn tó ń pa etí híhó pátápátá kò tíì sí. Ẹni tó bá ń tà á nínú mọ́tò tàbí lọ́jà, ẹ pa owó yín mọ́. Lọ́dún 2014, ẹgbẹ́ àwọn dókítà etí, imú àti ọ̀fun ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé kí a má fi ewé ginkgo àti àwọn oògùn afáralókun tọ́jú rẹ̀. Ohun tí wọ́n fọwọ́ sí ni kí ẹni tí kò gbọ́ràn dáadáa mọ́ lo ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, nítorí pé bí ìró ìta bá wọlé, ariwo inú á rọlẹ̀.

Kí ẹni tí etí rẹ̀ ń hó kọ́kọ́ lọ rí dókítà. Nígbà mìíràn, ìdọ̀tí etí tó di pọ̀ ló fà á, wọn á sì yọ ọ́ kúrò. Ẹ má fi ìyẹ́ adìẹ tàbí igi ìṣáná ro etí, ẹ kò ní ṣe ju pé kí ẹ tì í wọlé sí i. Ẹ sọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò fún dókítà, ṣùgbọ́n ẹ má dá èyíkéyìí dúró fúnra yín. Bí ó bá jẹ́ etí kan ṣoṣo ló ń hó, tàbí tí ariwo náà ń lù tẹ̀lé bí ọkàn ṣe ń lù, tàbí tí òòyì ń kọ́ yín, ẹ má fi falẹ̀. Bí etí bá sì dédé di lójijì, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí pé ìtọ́jú tó bá pẹ́ kì í ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́.

Ní alẹ́, ẹ má sùn sínú ìdákẹ́jẹ́. Ẹ yí rédíò sílẹ̀ jẹ́jẹ́, tàbí kí ẹ tan fáànù bí iná bá wà. Ní ọ̀sán, ẹ bo etí yín nídìí ẹ̀rọ ìlọta, ẹ̀rọ ìlagi àti jẹnẹrétọ̀, kí ẹ má sì jókòó sídìí gbohùngbohùn níbi òde ijó. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi nǹkan dí etí gbọ́ orin pẹ̀lú ariwo ńlá náà ní láti gbọ́ èyí, nítorí pé ohun tó bá bàjẹ́ nínú etí kì í padà hù.

Èyí tó wá kù jẹ́ ti ará ilé. Bí bàbá tàbí ìyá bá sọ pé etí òun ń hó, ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín, ẹ má sì sọ pé kò sí nǹkan kan. Ohun tó ń gbọ́ wà lóòótọ́, eku ti jẹ́rìí sí i láti ọdún 1988. Ẹ bá a sọ̀rọ̀, ẹ sin ín lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹni tó mọ̀ pé wọ́n gba òun gbọ́, ẹ̀rù rẹ̀ á dín kù, bí ẹ̀rù bá sì ti ń dín kù, ariwo náà kò ní fi bẹ́ẹ̀ da oorun rú mọ́.